Òdòdó orí ọ̀pẹ tí wọ́n ń pè ní àfòmọ́: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ọ́kíìdì inú igbó wa

Bí ọyẹ́ bá ti mú dáadáa, tí ọ̀pọ̀ igi ti wọ́wé, ẹ gbójú sókè wo ara àwọn ọ̀pẹ àgbà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà oko. Láàárín ìdí imọ̀ tó ti gbẹ, ẹ lè rí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yọ jáde, tí kò ní ewé kankan lára, ṣùgbọ́n tí òdòdó wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè kún orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ tí wọn kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó bá sì wò ó, "àfòmọ́ ni" ni wọ́n máa sọ, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Bó bá jẹ́ ẹni tó ni ọ̀pẹ ló rí i, àdá ló kàn.

Ẹ dákun, ẹ má tíì yọ àdá o. Òdòdó yìí kì í ṣe àfòmọ́. Ọ́kíìdì ni, ẹbí kan náà pẹ̀lú àwọn òdòdó olówó gọbọi tí wọ́n ń tà nínú ìkòkò ní àwọn ilé ìtajà ńlá l'Ékòó. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ti ilé ìtajà yẹn, Éṣíà ni ìran rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n èyí tó wà lórí ọ̀pẹ, ọmọ ilẹ̀ wa ni. Kò sẹ́ni tó gbìn ín, kò sẹ́ni tó ń bomi rin ín, owó kankan ò sì jáde lápò ẹnikẹ́ni kó tó yọ òdòdó.

Ṣé kì í fa omi ara igi mu?

Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àgbẹ̀ nìyẹn, ìbéèrè gidi sì ni, nítorí pé ọ̀tá paraku ni àfòmọ́ jẹ́ fún igi kòkó àti igi obì. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ló bá tan. Kódà àwọn olùkọ́ èdè mú orúkọ rẹ̀ wọ kíláàsì: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, àfòmọ́ àárín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe Yorùbá ní sẹ́kọ́ńdìrì kò ní tíì gbàgbé.

Ohun tí òwe yẹn kò sọ tán ni pé àfòmọ́ ní nǹkan kan tó ń lò dípò gbòǹgbò. Ẹyẹ ló ń gbé èso rẹ̀ kiri. Èso náà ní ohun tó ń lẹ̀ bí àtè, á lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka igi, á hù níbẹ̀, á sì lu èèpo igi wọnú títí á fi dé ibi tí omi igi ń gbà kọjá. Omi tí igi fi gbòǹgbò fà láti inú ilẹ̀, òun náà á máa mu nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ka tí àfòmọ́ bá bò fi máa ń rù, tó sì máa ń gbẹ láti orí.

Ọ́kíìdì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn jókòó ni. Gbòǹgbò rẹ̀ ń dì mọ́ èèpo igi láti ìta, kì í wọnú. Igi náà dà bí onílé tó gba ẹnì kan láyè kó máa gbé orí fàráńdà, ṣùgbọ́n tí ẹni náà ń dá oúnjẹ rẹ̀ sè, tó sì ń pọn omi tirẹ̀. Omi òjò, ìrì, eruku, ewé jíjẹrà àti ìgbẹ́ ẹyẹ tó bá há sára igi, ohun tó ń jẹ nìyẹn.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dá àwọn méjèèjì mọ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n ti pàdé igi. Ibi tí àfòmọ́ bá gbà wọlé, ẹ̀ka máa ń wú bí oówo, ẹ kò sì ní lè fa àfòmọ́ náà tu láì ba ẹ̀ka jẹ́. Ti ọ́kíìdì, gbòǹgbò tó funfun tàbí tó ní àwọ̀ eérú ni ẹ máa rí, tó ń rìn káàkiri lórí èèpo igi bí okùn. Bí ẹ bá rọra fi ọwọ́ ṣí i, á ṣí kúrò, ara igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì wà bó ṣe wà. Ẹ wo ewé náà. Ewé ọ́kíìdì kì í pọ̀, ó sábà máa ń nípọn, ìlà inú rẹ̀ sì máa ń tò gbọọrọ láti ìdí dé orí bíi ti ewé àgbàdo. Àfòmọ́ ní tirẹ̀ máa ń ya ẹ̀ka bí igi gidi, ewé rẹ̀ á sì ṣù pọ̀.

Mo mọ̀ pé àgbẹ̀ kan á ní, "Bó ti wù kó rí, ó ń wúwo lórí igi mi." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ohun tó gun orí ẹ̀ka tó ti kú bá pọ̀ jù, ẹ̀ka náà lè já. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó ti kú á já náà ni, bó pẹ́ bó yá.

Àwọn wo ló wà lágbègbè wa?

Ẹbí ọ́kíìdì wà lára àwọn ẹbí ewéko tó tóbi jù lọ láyé. Irú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ tó nǹkan bíi 28,000, kò sì sí ilẹ̀ tí kò sí àfi ilẹ̀ yìnyín Antarctica. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé orí igi. Àwọn kan ń gbé orí àpáta, àwọn yòókù sì ń hù láti inú ilẹ̀.

Èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Graphorkis lurida ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Ọ̀pẹ ni igi tó fẹ́ràn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ á wọ́ dànù, á ku igi wíwú rẹ̀ nìkan, òdòdó á sì yọ kí ewé tuntun tó bá òjò dé. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nípa rẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn tó fi di igi mú, ó tún ní òmíràn tó nà sókè ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, tí wọ́n ṣù jọ bí ìtẹ́ ẹyẹ. Iṣẹ́ wọn ni láti máa gba ewé àti pàǹtírí tó bá ń já bọ́ láti òkè. Ohun tó bá bọ́ síbẹ̀ á jẹrà, á sì di ajílẹ̀ fún un. Ewéko tó ń ti orí igi ko ààtàn tirẹ̀ jọ rèé.

Ìbátan rẹ̀ kan tó tóbi jù ú lọ ni Ansellia africana. Òun náà ní irú gbòǹgbò apẹ̀rẹ̀ yẹn. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, àmì àwọ̀ ilẹ̀ tó-tò-tó sì wà lára rẹ̀ bí ara ẹkùn, ìdí nìyẹn tí àwọn òyìnbó fi ń fi ẹkùn pè é. Ká ní àwa la sọ ọ́ lórúkọ ni, bóyá à bá pè é ní Àmọ̀tẹ́kùn, kò ní bá ẹ̀ṣọ́ ìlú jà.

Ibi tí orúkọ Ansellia ti wá kàn wá dáadáa. Ní ọdún 1841, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi wá sí odò Ọya. Ìrìnàjò yẹn gan-an ni Samuel Àjàyí Crowther bá wọn lọ, kó tó di bíṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan tó ń jẹ́ John Ansell, tó mọ iṣẹ́ ọgbà, wà nínú wọn. Òun ló rí òdòdó yìí ní erékùṣù Fernando Po, tí wọ́n ń pè ní Bioko báyìí. Ní 1844, onímọ̀ ewéko John Lindley fi orúkọ Ansell sọ òdòdó náà.

Àwọn òdòdó funfun tún wà. Calyptrochilum christyanum wọ́pọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ó máa ń rọ̀ wálẹ̀ láti ara ẹ̀ka bí okùn tí wọ́n so ewé mọ́ lọ́tùn-ún lósì, òórùn dídùn sì wà lára òdòdó rẹ̀. Àwọn Bulbophyllum ní tiwọn kéré, àwọn kan nínú wọn sì ń rùn bí ẹran tó ti bàjẹ́. Eṣinṣin ni wọ́n ń pè, kì í ṣe èmi àti ẹ̀yin.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sílẹ̀. Eulophia guineensis máa ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pàápàá níbi tí igbó ti pàdé ọ̀dàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Eulophia horsfallii, àbàtà ló fẹ́, ó sì lè ga ju èèyàn lọ. Oeceoclades maculata ní tirẹ̀ ń gbé abẹ́ igi, lórí ewé jíjẹrà, níbi tí oòrùn kò ti ta dáadáa. Ewé rẹ̀ ní àmì tóótòòtó bí ara ejò, èyí tó mú kí àwọn èèyàn ṣèèṣì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìmọ̀ pé ewéko tó dúró fúnra rẹ̀ ni.

Oeceoclades yìí ti rìn jìnnà o. Ọmọ Áfíríkà ni, ṣùgbọ́n Brazil ni ewé tí Lindley fi kọ nípa rẹ̀ ní 1821 ti wá. Lónìí ó wà ní Brazil, ó wà ní Cuba, ó ti dé Florida, ó sì ń hù níbẹ̀ bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ara ohun tó ràn án lọ́wọ́ ni pé kò fi dandan nílò kòkòrò. Bí omi òjò bá kán lu òdòdó rẹ̀, ìyẹn nìkan lè mú kó so.

Báwo ló ṣe ń gbé láìsí ilẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ọ́kíìdì ń fẹ́, kó kọ́kọ́ wo gbòǹgbò rẹ̀. Àwọ̀ funfun tí ẹ rí lára rẹ̀ yẹn, aṣọ ni. Ó rí bíi kànìnkànìn, ó kún fún àlàfo kéékèèké tó ṣófo. Bí òjò bá rọ̀, kíá ló máa fa omi mu, ẹ óò sì rí i pé gbòǹgbò náà yí padà di àwọ̀ ewé. Bí òjò bá dá, aṣọ náà á gbẹ, á tún funfun. Gbòǹgbò tó bá wà nínú omi tàbí ẹrẹ̀ ní gbogbo ìgbà kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, jíjẹrà ló máa jẹrà. Òun ló fà á tí ẹni tó bá gbé ọ́kíìdì orí igi wálé tó lọ rì í mọ́ iyẹ̀pẹ̀ fi máa ń pa á láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí á sì máa ní òun bomi rin ín dáadáa.

Igi wíwú tí Graphorkis àti Ansellia ní, kẹ́ẹ̀gì omi ni ẹ lè pè é. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú omi àti oúnjẹ sí de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tí kò ní kẹ́ẹ̀gì, bíi Calyptrochilum, inú ewé wọn tó nípọn ni wọ́n ń fi omi pamọ́ sí.

Ọgbọ́n mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ ọ́kíìdì orí igi ń dá. Ewéko ní ihò kéékèèké tó fi ń mí. Bó bá ṣí i ní ọ̀sán gangan, omi ara rẹ̀ á fẹ́ lọ pẹ̀lú oòrùn. Nítorí náà, alẹ́ ni àwọn ọ́kíìdì yìí máa ń ṣí ihò yẹn, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tutù. Wọ́n á kó atẹ́gùn tí wọ́n nílò pamọ́ sínú ewé, tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á sì fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣiṣẹ́ lórí ohun tí wọ́n ti kó. Ọ̀pẹ òyìnbó tí à ń jẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, ohun tó le jù nínú ayé ọ́kíìdì ni ìbí rẹ̀. Èso ọ́kíìdì kan ṣoṣo lè ní irúgbìn tó tó ọ̀kẹ́ àìmọye, ti àwọn kan lé ní mílíọ̀nù kan. Ṣùgbọ́n irúgbìn yẹn kéré bí eruku, kò sì sí oúnjẹ kankan nínú rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀wà tàbí àgbàdo: oúnjẹ tí ọmọ inú rẹ̀ máa jẹ títí á fi yọ ewé wà nínú hóró yẹn gan-an, òun náà la ń sè jẹ. Irúgbìn ọ́kíìdì kò ní irú ìyẹn. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé e dé ara igi, ó gbọ́dọ̀ pàdé fọ́ńgọ́ọ̀sì kan, ìbátan olú, tó máa wọ inú rẹ̀ tí á sì máa fún un ní oúnjẹ. Bí kò bá pàdé rẹ̀, kò lè hù nínú igbó. Noël Bernard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló rí àṣírí yìí ní 1899. Títí dìgbà yẹn, àwọn olówó Yúróòpù ń rán èèyàn kiri ayé lọ wú ọ́kíìdì nínú igbó, nítorí pé ẹ̀rọ̀ àtigbìn ín láti inú irúgbìn kò tíì yé wọn dáadáa.

Ní 1922, Lewis Knudson ní Amẹ́ríkà fi hàn pé tí wọ́n bá po ṣúgà mọ́ àwọn èròjà kan nínú ìgò tó mọ́ tónítóní, irúgbìn ọ́kíìdì á hù láìsí fọ́ńgọ́ọ̀sì rárá. Òun ló jẹ́ kí ọ́kíìdì di ohun tí wọ́n ń tà nínú ìkòkò káàkiri. Àwọn tó wà ní ilé ìtajà, inú ilé ìwádìí ni wọ́n ti hù, kò sẹ́ni tó lọ já wọn nínú igbó.

Inú igbó tiwa ńkọ́? Fọ́ńgọ́ọ̀sì yẹn ń fẹ́ èèpo igi tó hán, tó ti gbó, tí òkúta ewé àti ewédò ti bò díẹ̀, tó sì ń lọ́rinrin. Igi gúáfà tó ń bó èèpo rẹ̀ dànù ní gbogbo ìgbà kò lè gbà á. Igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà kò tíì tó o gbà. Ìrókò àgbà, mángòrò àtijọ́, kòkó tí bàbá bàbá yín gbìn, ọ̀pẹ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣá ìdí imọ̀ rẹ̀ mọ́, àwọn yẹn ni ilé ọ́kíìdì.

Àlejò alẹ́

Ọ̀pọ̀ ọ́kíìdì Áfíríkà tó funfun ni kì í ta òórùn lọ́sàn-án. Bí ilẹ̀ bá ṣú, òórùn dídùn á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àfòpiná ni wọ́n ń dúró dè, nítorí òdòdó funfun ló hàn jù lóòkùn, òórùn ló sì ń júwe ọ̀nà. Ìru kan wà lẹ́yìn òdòdó náà, omi dídùn wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àfòpiná tí ahọ́n rẹ̀ bá gùn tó ló lè mu ún, bó bá sì ti ń mu ún, ìyẹ̀fun akọ òdòdó á lẹ̀ mọ́ ọn lára, á gbé e lọ sórí òdòdó mìíràn.

Charles Darwin, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí irú òdòdó bẹ́ẹ̀ kan láti Madagascar ní 1862. Ìru rẹ̀ gùn tó nǹkan bí 30 sẹ̀ńtímítà, ìyẹn rúlà ọmọ ilé ìwé kan gbáko. Darwin ní àfòpiná kan gbọ́dọ̀ wà ní Madagascar tí ahọ́n rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 1903, lẹ́yìn tí Darwin ti kú, wọ́n kọ̀wé nípa àfòpiná náà, ahọ́n gígùn rẹ̀ pé pérépéré.

Bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ èyí, ẹ óò mọ̀ pé kí ọ́kíìdì tó lè so nínú igbó, igi àgbà gbọ́dọ̀ wà, fọ́ńgọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wà, kòkòrò tó bá a mu gẹ́lẹ́ sì gbọ́dọ̀ wà. Bí a bá yọ ọ̀kan nínú wọn, ewéko náà lè máa wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó máa yọ òdòdó, àmọ́ kó má bímọ.

Ọ́kíìdì tẹ́ ẹ ti jẹ rí

Ẹni tó bá ti jẹ áìsìkiriìmù fàńílà gidi, ó ti jẹ ọ́kíìdì. Ìtàkùn ni ewéko fàńílà, Mexico ló ti wá, èso rẹ̀ gígùn bí ẹ̀wà ni wọ́n ń sá tí wọ́n sì ń fi sínú oúnjẹ. (Ọ̀pọ̀ áìsìkiriìmù olówó pọ́ọ́kú kò rí ọ́kíìdì rí o, kẹ́míkà ni wọ́n fi ṣe òórùn rẹ̀.)

Nígbà tí àwọn Faransé gbé ìtàkùn yìí dé erékùṣù Réunion, létí Madagascar, ó ń yọ òdòdó, kò so. Kòkòrò Mexico tó ń bá a ṣiṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbìyànjú, ó sú wọn. Ní 1841, ọdún kan náà tí Ansell rí òdòdó tiwa, ọmọ ẹrú kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 12, Edmond, mú igi pẹ́ńpẹ́ kan, ó fi gbé awọ tó wà láàárín akọ àti abo inú òdòdó náà sókè, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ àwọn méjèèjì pọ̀. Ó so. Bó ṣe ṣe é yẹn ni wọ́n ṣì ń ṣe é lóko fàńílà títí di òní, òdòdó kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí òdòdó náà kì í lò ju ọjọ́ kan lọ. Wọ́n dá Edmond sílẹ̀ lóko ẹrú ní 1848, wọ́n sì fún un ní orúkọ ìdílé, Albius. Àwọn ẹlòmíràn fi ọgbọ́n orí rẹ̀ di olówó. Òun kú ní 1880 nínú ìṣẹ́.

Madagascar ló ń ta fàńílà jù láyé báyìí, Uganda náà ń gbìn ín. Ní 2018, kílò kan fàńílà gbígbẹ lé ní 500 dọ́là ní ọjà àgbáyé, kó tó wálẹ̀. Fàńílà igbó wà ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú, Vanilla africana, àmọ́ èso rẹ̀ kò ní òórùn tí ọjà ń fẹ́. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà sáré wọ igbó lọ já ìtàkùn lọ́la.

Kí ló ń lé wọn lọ?

Àwọn onígẹdú ni àkọ́kọ́. Bí ìrókò kan bá wó, ilé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ewéko tó wà lórí rẹ̀ ló wó. Wọ́n á kú láàárín oṣù díẹ̀ nínú oòrùn lórí ilẹ̀. Ní àwọn igbó ọba bíi Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Olúwà ní Òǹdó, wọ́n ti gbin mẹláínà sí apá kan igbó tí wọ́n gé. Òótọ́ ni pé igi ni mẹláínà, ṣùgbọ́n wọ́n ń gé e kó tó gbó. Èèpo rẹ̀ kì í rí ọdún tó láti di ilé fún ohunkóhun.

Oko kòkó àtijọ́ tẹ̀ lé e. Abẹ́ igi ńlá ni àwọn bàbá wa gbin kòkó sí, ibẹ̀ sì tutù tó fún ọ́kíìdì. Báyìí wọ́n ń hú kòkó àgbà, wọ́n ń gé igi tó ṣíji bò ó, wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ tàbí wọ́n ń ta ilẹ̀ náà ní pulọ́ọ̀tì. N kò bá àgbẹ̀ tó ń wá owó ilé ìwé ọmọ jà. Àmọ́ ẹni tó bá fi igi ńlá méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ sí ààlà oko rẹ̀ ti gba ohun púpọ̀ là, kò sì ná an ní nǹkan kan.

Níbòmíràn nílẹ̀ Áfíríkà, oúnjẹ ni ewu ibẹ̀. Ní Zambia, wọ́n ń wú iṣu kéékèèké ìdí àwọn ọ́kíìdì inú ilẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀pà, wọ́n á sè é títí á fi dì bí ẹran. Chikanda ni wọ́n ń pè é, ó sì gbajúmọ̀ débi pé tiwọn kò tó mọ́, Tanzania ni wọ́n ti ń kó o wọlé. Gbogbo iṣu tí wọ́n bá wú, ewéko kan ló kú.

Ansellia tí mo dárúkọ lókè, àjọ IUCN ti kà á mọ́ àwọn ewéko tó wà nínú ewu, nítorí igi gígé àti àwọn tó ń já a tà. Gbogbo ẹbí ọ́kíìdì pátá ló wà lábẹ́ àdéhùn CITES lórí òwò ohun abẹ̀mí láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Òfin tiwa lórí rẹ̀ jáde ní 1985. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá kí ilé láti London tàbí Houston, ẹ má fi ọ́kíìdì igbó há àárín aṣọ nínú báàgì. Bí ẹ kò bá ní ìwé àṣẹ, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú, ọ̀rọ̀ sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́jú ọ̀kan nílé

Ó ṣeé ṣe, kò sì le tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Àmọ́ ẹ má já èyí tó wà láàyè lórí igi rẹ̀. Ẹ wá ẹ̀ka tí ìjì ṣẹ́, igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ọ̀pẹ tí wọ́n fẹ́ wó kọ́lé. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀. Igbó ọba ní ìjọba tó ń ṣọ́ ọ, ẹ má wọ ibẹ̀ lọ kó nǹkan.

Bó bá ti dọ́wọ́ yín, ẹ gé gbòǹgbò tó ti jẹrà kúrò, kí ẹ fi èyí tó le sílẹ̀. Ẹ wá pákó líle tí èèpo rẹ̀ hán, tàbí kí ẹ gbé e sára igi mángòrò inú ọgbà yín tààrà. Ẹ fi àkísà tàbí sọ́kìsì àtijọ́ tí ẹ gé tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ ọn, kó má mì. Kò gba ìṣó. Bó bá ń mì, orí gbòǹgbò tuntun á máa họ, kò ní lè dì mú. Láàárín oṣù mélòó kan nígbà òjò, á ti di igi mú fúnra rẹ̀, àkísà á sì jẹrà. Bó bá jẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ lẹ fẹ́ gbìn ín sí, èédú ńláńlá àti irun èèpo àgbọn ni kí ẹ lò. Iyẹ̀pẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá.

Oòrùn àárọ̀ dára fún un, ti ọ̀sán gangan máa jó ewé rẹ̀. Bí ewé bá dúdú minimini, tí kò sì yọ òdòdó, ibẹ̀ ṣókùnkùn jù. Bó bá ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, oòrùn ti pọ̀ jù. Ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Nípa omi, omi òjò ló dára jù. Omi kànga kan máa ń ní iyọ̀ inú ilẹ̀, ẹ óò rí i tí ó ń fi ẹfun sí ara gbòǹgbò. Àárọ̀ ni kí ẹ máa wọ́n ọn, kí ara rẹ̀ lè gbẹ kí alẹ́ tó lẹ́. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ fara balẹ̀ wo irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Àwọn tó ní igi wíwú, tí ewé wọn bá wọ́, kò kú o. Ó ń sinmi ni. Ẹ dín omi kù, díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó, títí ẹ óò fi rí ọmọ tuntun ní ìdí rẹ̀. Àwọn tí kò ní kẹ́ẹ̀gì omi kò gbọ́dọ̀ gbẹ bẹ́ẹ̀, ẹ máa wọ́n omi sí wọn láràárọ̀ nígbà ọyẹ́. Ajílẹ̀ NPK tó bá wà nílé, ẹ pò ó kó fẹ́lẹ́ gan-an, ìdámẹ́rin ohun tí wọ́n kọ sára àpò rẹ̀, ìgbà òjò nìkan sì ni. Ẹ ṣọ́ ìgbín, ó fẹ́ràn orí gbòǹgbò tútù.

Ọ́kíìdì inú ilẹ̀ yàtọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà, nítorí fọ́ńgọ́ọ̀sì rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Àyàfi bí katakata bá fẹ́ ro ibẹ̀, ìgbà yẹn kí ẹ fi ṣọ́bìrì gbé òun àti ilẹ̀ tó yí i ká pọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ló sì dára jù láti ṣe é, nígbà tó bá ti sùn.

Ọ́kíìdì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wálé lè má yọ òdòdó ní ọdún àkọ́kọ́. Bó bá wá yọ ọ́, ó máa ń wu èèyàn láti ká a fi sínú ife lórí tábìlì. Bẹ́ ẹ bá lè fi í sílẹ̀ lórí igi, tí kòkòrò sì bá a ṣe é, ẹ óò rí èso kan bíi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ níbẹ̀. Ó máa ń pẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù kó tó gbó. Ọjọ́ tó bá là, ohun tó dà bí àtíkè ni atẹ́gùn máa gbé jáde nínú rẹ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe lè mọ igi mángòrò tó máa bà lé ládùúgbò, títí di bí ọdún mélòó kan sí i.